Irin Tí A Sin Sínú Eérú Kòkó

Ọ̀rọ̀ irin kan ni mo fẹ́ sọ, irin tó sán, tí ọkọ mi jó pọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ mi, àwọn tó ń wá kí mi máa ń sọ̀rọ̀ nípa géètì tó ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ọkọ̀ tó jó ìdí rẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Ìṣẹ́ tí èrò fi délé. Mo ń gbọ́ wọn, mo sì ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n irin kan yìí ló wà lọ́kàn mi, n kò sì tíì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí wọ́n má dá mi dúró láàárín pé kí n jẹun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Bí mo bá ṣi nǹkan kọ, ẹ bá mi tún un ṣe lẹ́nu yín. Gbogbo ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ni mo mọ orúkọ wọn, èyí tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ àti èyí tí ìyá wọn fi ń kì wọ́n láàárọ̀. N kò ní kọ ọ̀kankan síbí. Ọkọ mi kò fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ òun níbi tí òun kò bá sí, bí n kò bá sì ní dá tirẹ̀, n kò rí ìdí tí n ó fi dá ti ẹlòmíì.

Ìgbà náà, abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo wa ṣì wà. Àkúrẹ́ là ń lọ bí a bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba, Àkúrẹ́ náà ni ọkọ mi sì ti ń ra ọ́síjìn tó fi ń jó irin. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìṣẹ́ àti Ẹmùrẹ́. Ọparun ni òpó rẹ̀, páànù àlòkù la fi bò ó. Èmi wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mò ń se ọṣẹ dúdú. Iṣẹ́ ìyá mi ni. Bí wọ́n bá ti fọ́ kòkó tán lóko, n ó lọ ṣa èèpo rẹ̀, n ó sá a kó gbẹ, n ó sun ún, n ó kó eérú rẹ̀ sínú àwọn ìkòkò ńlá, n ó dé e kí ìrì má kàn án. Omi tí mo bá sẹ́ lára eérú yẹn àti àdí ló ń di ọṣẹ. Nítorí náà, iná ọkọ mi wà níwájú, iná tèmi wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá gba àárín wa kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á ní ọ̀run àpáàdì ni òun gbà.

Ẹ̀rọ méjì ni ọkọ mi fi ń jó irin, méjèèjì ló sì dàgbà ju ìgbéyàwó wa lọ. Ọ̀kan ń lo gáàsì. Àgbá ńlá kan ni, wọ́n gé orí rẹ̀, omi wà nínú rẹ̀. Àgbá kékeré kan dojú bolẹ̀ nínú omi náà. Ọkọ mi á kó kábáìdì, òkúta kan tó ní àwọ̀ eérú, sínú agolo oníhò, á sì gbé e kọ́ sábẹ́ àgbá kékeré yẹn. Bí omi bá ti kan òkúta, á máa hó bí ẹni tó ń bínú, gáàsì á máa jáde, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á máa rùn, àgbá kékeré á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ikùn aboyún. Ibi tó bá ga dé la fi ń mọ bí gáàsì ṣe kù sí. Rọ́bà tó gbé gáàsì wá sẹ́nu iná ti já níbi púpọ̀, ọkọ mi fi túùbù kẹ̀kẹ́ dì í kiri. Aago tó yẹ kó máa sọ bí ọ́síjìn ṣe kù sí nínú àgbá rẹ̀ kò ní ọwọ́ mọ́. Etí ni ọkọ mi ń gbé sí i.

Èkejì ń lo iná mọ̀nàmọ́ná. Wáyà kọ́pà ni, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ká a mọ́ irin pẹlẹbẹ, tó sì rì í sínú àgbá ọ́ìlì kó má baà gbóná jù. Kò sí ibi tí èèyàn ń yí bó bá fẹ́ kí iná rẹ̀ le tàbí kó rọ̀. Báàkẹ́ẹ̀tì omi iyọ̀ kan ni wáyà gbà kọjá. Bí ọkọ mi bá fẹ́ kí iná le sí i, á ké láti iwájú pé, "Ìyàwó, bu iyọ̀ wá!" Iyọ̀ ọbẹ̀ mi ni.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni iyọ̀ mọ̀ nípa iná.

Ó ní, "Èmi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ mọ̀."

Bí a ṣe ń gbé nìyẹn. Mo máa ń béèrè, ó máa ń rẹ́rìn-ín, bí kò bá sì mọ̀, á ní òun ò mọ̀, kì í purọ́ fún mi. Ohun tí mo pàdánù jù nìyẹn. Àwọn ọmọ mi mọ nǹkan púpọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ẹ̀gbọ́n ni èmi náà ń pè wọ́n. Ará Ẹmùrẹ́ ló fẹ́ wọn, Èkó ni wọ́n sì gbé fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n kó àwọn ọmọ wálé sí Ẹmùrẹ́. Nínú gbogbo ohun tí ọkọ wọn ní l'Ékòó, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé wọn bọ̀, ẹ̀rọ oní-dísẹ́ẹ̀lì tó ń rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń ṣe gàrí. Wọ́n kọ́ àtíbàbà páànù fún un lẹ́yìn ilé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń tọ́ ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹbí ọkọ wọn ti ṣe ìpàdé. Wọ́n ní bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́, ti Ẹ̀gbọ́n àti àwọn ọmọ ni, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tó bá dákẹ́ tí kò ṣeé tún ṣe mọ́, ó ti di irin ẹbí, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọ́n á sì pín in. Àbúrò ọkọ Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà. Èmi ń pè é ní Àna.

Ìgbà ọyẹ́ ni Ẹ̀gbọ́n gbé irin náà wá, wọ́n fi àkísà wé e bí ọmọ tuntun sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Mo ń tọ́mọ lọ́wọ́ nígbà náà.

"Ìyàwó mi, ọkọ rẹ dà?"

"Ó wà lábẹ́ ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìrìn."

"Ní kó jáde lábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, kó wá wo ohun tó fẹ́ pa mí."

Ìkòkò omi ẹ̀rọ náà ni. Orí ẹ̀rọ ló ń jókòó lé, inú rẹ̀ ni omi máa ń wà kí ẹ̀rọ má baà gbóná jù. Obìnrin tó ń bá Ẹ̀gbọ́n dúró tì í jẹ́ kí omi gbẹ nínú rẹ̀, nígbà tó sì rí i pé ó ti ń jó bí iná, ó sáré da omi tútù lé e. Ó sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ lè fi èékánná tọ ojú ibẹ̀.

Ọkọ mi tẹ ìka kan mọ́ ọn, ó mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, káàsì ni." Irin tí wọ́n yọ́, tí wọ́n dà bí ọṣẹ sínú nǹkan kó fi dì, òun ni wọ́n ń pè ní káàsì.

"Mo mọ̀ pé káàsì ni. Ṣé mo ní igi ni?"

"Bí a bá jó káàsì, kì í gbà."

"Ìwọ náà kì í gbà ní kékeré. Mo nà ọ́, o gbà."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀rín lójú Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní Àna ti gbọ́. Ó ti lọ bá àwọn onírin sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ náà kò bá rin ẹ̀gẹ́ kí ọjọ́ ọjà Ẹmùrẹ́ tó ń bọ̀ tó kọjá, wọ́n á wá gbé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ mi fi ẹ̀rọ oníná gbìyànjú. Ó jó ojú ibi tó sán náà dáadáa, ó sì mú, ó ń dán. Gbogbo wa dúró yí i ká, à ń wò ó bó ṣe ń kúrò ní pupa bọ́ sí dúdú. Ṣe ni a gbọ́: kẹ́n! Kì í ṣe ojú ibi tó jó ló sán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, ìlà tuntun, bí ẹni pé èyí àtijọ́ ṣí lọ sílé kejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ojú ọkọ mi kọ̀ láti là. Apá kan dígí tó fi ń bojú ti fọ́ tipẹ́, gíláàsì fìtílà tó fi èéfín kùn ló fi dí i, bóyá kò kùn ún dáadáa ni. Ó ní bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí òun lójú. Ohun tí gbogbo ìyàwó wẹ́dà máa ń ṣe nígbà náà ni èmi náà ṣe. Mo tẹ́ ẹní, mo ní kó dùbúlẹ̀, mo sì fún omi ọmú sí i lójú.

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wo bàbá ọmọ tó ń bá ọmọ du ọmú!"

"Ojú ni mo fi ń mu ún, Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ẹnu."

"Ọ̀kan náà ni. Ọmọ náà ń wò ọ́."

Ibi tó sùn sí yẹn, tó di ojú, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó ní ọ̀gá yẹn máa ń jó káàsì, kì í sì í sán. Wọ́n á kọ́kọ́ ki gbogbo irin náà bọ inú èédú títí yóò fi pọ́n, gáàsì ni wọ́n á fi jó o, ríǹgì tí wọ́n yọ lára písítìn ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n á sì yọ́ sí ojú ibẹ̀, nítorí pé káàsì ni ríǹgì náà.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n nìyẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n títí dé ibẹ̀. Ibi tó kù ni n kò mọ̀. Bí ọ̀gá bá ti jó o tán, á ní, 'Ó yá, ẹ lọ jẹun.' Gbogbo wa ló máa ń lé jáde. Nígbà tí a bá fi jẹun dé, irin ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kejì la tó máa rí i lórí tábìlì, kò ní sán."

"Ẹ ò bi í?"

"Ọ̀gá Ìbàdàn! Ta ni yóò bi í?"

Ìyẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Mo jókòó tì í, mò ń fún ọmọ lọ́mú, mò ń rò ó. "Lọ́jọ́ kejì yẹn, báwo ni ara irin náà ṣe máa ń rí?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ó máa ń funfun. Bí ẹni fi ẹfun pa á."

"Ṣé ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́?"

"Ó ń yọ̀."

"Bí òógùn bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ gbé e, ṣé ó máa ń jẹ yín lára?"

Ọkọ mi gbìyànjú láti la ojú wò mí, kò ṣeé ṣe. "Ó ń jẹ mí lára! Ta ló sọ fún ọ?"

Ta ni yóò sọ fún mi? Ohun tó jẹ ọwọ́ ìyá mi títí awọ rẹ̀ fi bó ni. Ohun tó ń jẹ tèmi náà ni. Mo ní, "Eérú ni. Inú eérú ni ọ̀gá yín máa ń sin ín sí. Omi tútù ló mú kí irin Ẹ̀gbọ́n sán, àbí? Tútù òjijì ni kò fẹ́. Àwọn amọ̀kòkò náà kì í yọ ìkòkò nínú iná kí wọ́n gbé e sí atẹ́gùn. Wọ́n á jẹ́ kó kú síbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú dídì, omi ọmú ń ṣàn létí rẹ̀. "Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ ẹ̀bà bàbá yẹn," ó ní, "ìdí ààrò ni àṣírí rẹ̀ wà."

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ojú ọkọ mi là, ó fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin la ojú ibi tó sán náà wọnú, ó sì lọ ṣa ríǹgì lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Àárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ jó o, mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé eérú wà nínú ìkòkò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n bù ú.

Èèyàn pọ̀ níbi abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo máa fi dé, wọ́n ti jó o tán, wọ́n ti sin ín. Ọkọ mi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀gbọ́n náà jókòó. Eérú wà níwájú wọn bí sàréè kékeré. Mo wò ó, mo tún un wò. Ooru funfun kan ń jáde lára rẹ̀, bíi ti ìkòkò iṣu.

"Ẹ̀gbọ́n, eérú wo lẹ bù?"

Kí wọ́n tó dáhùn, a gbọ́ ọ nínú ilẹ̀ níbẹ̀: kẹ́n.

Mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n kò fọwọ́ kan ìkòkò mi rárá. Wọ́n ti rí mi bí mo ṣe ń ru èèpo kòkó láti oko, bí mo ṣe ń ṣọ́ iná rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn ni ọṣẹ mi títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Wọ́n lọ sẹ́yìn ọgbà, wọ́n bu eérú tí mo ti sẹ́ omi rẹ̀ dànù síbẹ̀. Oòrùn ti sá òkè rẹ̀, ó funfun, ó gbẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni omi wà.

Wọ́n ní, "N kò fẹ́ ba ọjà rẹ jẹ́ ni. Mo rò pé eérú ni eérú." Wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ lára wọn.

Kò sí ẹni tó bá wọn wí. Ìfẹ́ wọn sí mi ló dá wọn lóró.

Ibẹ̀ la wà tí Àna fi wọlé láti Ẹmùrẹ́. Ó kéré sí ọkọ mi lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ará Ẹmùrẹ́ gan-an, kì í bá ẹnikẹ́ni yí ahọ́n padà.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, àna mi."

"Ẹ kú àbọ̀, Àna. Ẹ jókòó."

"Uná yín mà pọ̀ o." Ó yí ojú sí Ẹ̀gbọ́n. "Ìyàwó wa, wọ́n ní kí n wá wò ó ni. Ọkọ̀ onírin ń bọ̀ lọ́la, bí ọjà bá ti tú. Ṣé kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ̀?"

Ẹ̀gbọ́n kò gbójú sókè. "Ọkọ mi, ẹ ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀."

"Mo ti sọ fún wọn, lóòótọ́."

Ọkọ mi ní, "Àna, ìkòkò omi nìkan ló sán. Ẹ̀rọ ò kú."

"Bí ẹnu èèyàn bá dí, àna mi, tí ikùn rẹ̀ wà láàyè, kí ni yóò jẹ?" Ó ti ń wo inú eérú bó ṣe ń sọ ọ́. "Kí lẹ wá sin síbẹ̀ yẹn? Ṣé òkú ni?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ọ̀gá Ìbàdàn, ti ìkòkò, ti eérú tútù. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yípadà. Ó wọ́ bẹ́ǹṣì súnmọ́ ọn. Ó ní, "Tó bá jẹ́ pé eérú gbígbẹ ni ń kọ́?"

Ọkọ mi ní, "Ohun tí a kò tíì mọ̀ nìyẹn."

Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ìkòkò eérú mi àkọ́kọ́ wá, mo gbé èkejì. Ẹ̀gbọ́n ń sọ pé rárá, rárá, ìyàwó mi. Mo tan iná sábẹ́ páànù ńlá kan, mo da eérú náà sí i kó máa gbóná, kó má baà tutù bá irin. Ìyẹn kò wá láti Ìbàdàn, ìyẹn jẹ́ ti orí ara mi.

Wàhálà tó kù ni kábáìdì. Ìwọ̀nba ló ṣẹ́kù, kò sì sí àyè láti lọ ra òmíràn ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi tún la ojú ibẹ̀, ó tún ki irin bọ inú èédú. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́, èédú kò fẹ́ mú. Àna wò ó títí, ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó mú páànù pẹlẹbẹ kan nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè wò ó. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí irin pọ́n, ọkọ mi tan gáàsì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa wo àgbá kékeré. Ó ń wọlẹ̀. Ríǹgì ń yọ́ bí epo, ojú ibi tó sán ń dí, àgbá ń wọlẹ̀. Kò tíì dé ìdajì, mo ní, "Ó ti ń lọ o." Ọkọ mi ń jó o lọ. Nígbà tó kù bí ìka kan, iná bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń pariwo pọ́-pọ́-pọ́.

"Tẹ àgbá mọ́lẹ̀!" ọkọ mi ké. Ọmọ wà lẹ́yìn mi. Àna ju páànù sílẹ̀, ó fò dé ibẹ̀.

"Kí n jókòó lé e?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Àna! Ẹ má jókòó lé e! Ọwọ́ ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́!"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí òórùn, iná sì tún dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ọ̀kan ń tẹ̀, ọ̀kan ń jó, títí ọkọ mi fi gbé ọwọ́ sókè. Iná kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí gáàsì mọ́ láyé yìí.

A da eérú gbígbóná mi sí ìsàlẹ̀ àgbá kan, a gbé irin sí i, a da ìyókù bò ó, a dé e. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó le jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn láti má wò ó. Àna kò lè jókòó. Á rìn lọ sójú ọ̀nà, á padà, á gbé etí sára àgbá.

"Ẹ jẹ́ ká kàn ṣí i díẹ̀," ó ní. "Ojú kan péré."

Ẹ̀gbọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí lé ìdérí àgbá náà, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ká aṣọ mọ́ra. "Ọkọ mi, ẹ bọ̀ wá gbé mi kúrò."

Àna kò lọ sílé mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ wa ló sùn. Ó ní mọ́tò ti lọ tán, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ń rí mọ́tò.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì la tó ṣí i. Irin náà jáde, ó funfun, bí ọkọ mi ṣe sọ. Àmọ́ ojú lásán kò tó, ibi sísán mìíràn máa ń wà tí kò hàn. Ọkọ mi po ẹfun, ó fi kun ojú ìta ibi tó jó, ó jẹ́ kó gbẹ táútáú. Ó wá gbé e dúró, ó bu kẹrosíìnì sínú rẹ̀. Bó bá ku ihò tó kéré bí irun orí, kẹrosíìnì á gba ibẹ̀ yọ, ìlà dúdú á hàn lára ẹfun.

Àwa mẹ́rin lóṣòó yí i ká. Ẹfun funfun. A tún wò ó. Funfun. Oòrùn yí kúrò lórí rẹ̀, ọmọ mi jí, ó sunkún, mo fún un lọ́mú níbẹ̀, ojú mi ò kúrò níbẹ̀. Funfun náà ni.

Àna ló kọ́kọ́ dìde. "Ó tó," ó ní. "Ó tó, ẹ dì í, ká máa lọ kí ọjà tó tú."

Àwọn ará Ẹmùrẹ́ ló sọ ìyókù fún mi. Nígbà tí ọkọ̀ onírin dé, Àna ló jáde lọ bá wọn lójú títì. Ẹ̀rọ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ti to ẹ̀gẹ́ wọn jọ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kò jẹ́ kí dírẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Kò sí irin níbí. Ẹni tó rán yín ṣì yín rán." Òun náà ló rán wọn.

Mo fi eérú yẹn se ọṣẹ lẹ́yìn ìgbà náà. N kò mọ̀ bóyá yóò dì, nítorí ìyá mi kò sọ ohunkóhun fún mi nípa eérú tó ti bá irin sùn. Ó dì. Ó hó dáadáa. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni mo bu àkọ́kọ́ rẹ̀ fún.

Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀rọ náà tọ́ àwọn ọmọ títí wọ́n fi kúrò nílé. Wọ́n ti kú, ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọkọ mi wá lọ báyìí. Nígbà tí Àna wá kí mi, ó ti hu ewú, igi ló fi ń rìn. Ó jókòó títí àwọn àlejò fi lọ, ó wá ní, "Ẹ̀rọ yẹn wà níbẹ̀ o. Kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ti ra tuntun. Àwọn ọmọ fẹ́ tà á, mo ní kí wọ́n kọjá lára rẹ̀."

Ìyẹn ni mo ṣe wọ mọ́tò lọ sí Ẹmùrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àtíbàbà náà ti wó lápá kan. Ìpata ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ewéko ti gun ìdí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ tọ ojú ibi tó jó, mo mọ ọwọ́ ọkọ mi níbẹ̀, bó ṣe máa ń lọ, tó ń yí díẹ̀ sápá òsì. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá ó ṣì mú. Mo bi Àna pé ṣé kẹrosíìnì wà nílé.

Ó wò mí. Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Òun fúnra rẹ̀ lọ wá ẹfun.

A kùn ún, a jẹ́ kó gbẹ. A bu kẹrosíìnì sí i. Àwa méjèèjì kò lè lóṣòó mọ́, a gbé àga, a jókòó síwájú rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Ẹfun funfun. Mo ní kí n dìde kí mọ́tò má baà fi mí sílẹ̀.

Àna na ọwọ́ sí mi. "Ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká tún wò ó díẹ̀ sí i."